Àkùkọ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọlọ́dẹ Yín

Abà Ọlátẹ́jú,
Lọ́nà Ìlọrà.
Oṣù Agẹmọ, 2008.

Akíndúró ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrí ara ẹni, mo sì kí ọ kú òjò Warri tí o ní kì í dá bọ̀rọ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí ìrẹsì inú ike yẹn náà ni o ṣì ń jẹ? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé kò ní jẹ́ kí ọ̀nà ilé sọnù mọ́ ọ lójú. Yàrá tí o háyà ní Igbudu kò ní jò lé ọ lórí, onílé kò sì ní rí ọ fín. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àdúrà yìí gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí tí owó inú rẹ̀ fi tán kí n tó dé àmín, inú mi ò sì dùn sí i, torí àdúrà tí kò ní àmín kò yàtọ̀ sí ìkòkò tí kò ní ìdérí. Mo bi ọmọ tó ń ta káàdì bóyá wọ́n lè fi àmín yẹn jìn mí, nígbà tó jẹ́ pé mo ti sanwó àdúrà, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dá nǹkan padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé orí àpáta ẹ̀yìn ilé ìjọsìn nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn ní abà wa, gbogbo ayé ló sì ń pé síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí o bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí fóònù, àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ orí àpáta. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó èyí tí ìyá lè fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, etí wọn ni kò gbọ́ràn. Wúrà àbúrò rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ó fi ẹnu jọ ọ́, ó sì ti ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Gbágùúdá wa ta dáadáa lọ́dún yìí, òjò kò sì jẹ́ kí gàrí tètè gbẹ. Àwọn ènìyàn níbí ń sọ pé owó epo ti ga débi pé ní Warri, bí ènìyàn bá subú, inú owó ni yóò subú sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi ọmọ mi, torí ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ pé ó subú.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní bánkì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, o ní bánkì tuntun tó wà ní Ìlọrà ni kí n ti lọ gbà á. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo wé gèlè, mo sì mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bó gbágùúdá dání sínú àpò, torí mo fẹ́ gba oko lọ bí mo bá ṣe tán. Ilẹ̀kùn wọn, gíláàsì ni, ó rí bí àpótí ńlá tí ẹnìkan ṣoṣo lè dúró sí. Mo wọ inú rẹ̀, ẹ̀yìn mi tì, iwájú mi kò sì ṣí. Ni ohùn obìnrin kan bá ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi ní gẹ̀ẹ́sì. Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n padà síta, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, mo tún wọlé, ó tún tì mí mọ́. Mo bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ó kọ̀. Mo bọ́ bàtà, ó kọ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ Adégbọlá alágbẹ̀dẹ ni mí, pé a kì í jalè ní ìdílé wa, ó kọ̀. Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ọmọkùnrin kan dé, ọmọkùnrin tí gbogbo Ìlọrà mọ̀ pé ó jí ewúrẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ gbé. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, ó wọ inú àpótí náà, ilẹ̀kùn sì ṣí fún un wẹ́rẹ́. Olè náà kò mú irin dání ni.

Ẹni tó gbà mí ni ọlọ́dẹ bánkì náà, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọmọ́táyọ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àbí ọmọ Adégbọlá kọ́ nìyí. Mo ní èmi ni. Wọ́n na ọwọ́ sí ara ògiri, wọ́n tẹ nǹkan kan, ilẹ̀kùn tó ti ń bá mi ṣe agídí látàárọ̀ sì ṣí, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo délé ni mo rí kọ́kọ́rọ́ àká tí mo so mọ́ etí ìró, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí o fà yọ níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn. Ọlọ́dẹ ló mọ ènìyàn, òun ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni o pè mí, tí ohùn rẹ rẹlẹ̀. O ní sọ́fítíwíà tí o ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá fún ilé iṣẹ́ yín, èyí tí yóò máa ka dúróòmù epo tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi ní Ogbe-Ijoh kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ́ ọ jí, o ti parí rẹ̀. O gbé e sínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà náà bá pariwo pé olè dé. Antifáírọ́ọ̀sì ni o pe orúkọ ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún. O ní kì í ṣe pé ó bá a níbi tó ti ń jí nǹkan, ojú rẹ̀ ni kò mọ̀ rí, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti olè kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbá a mú, ó tì í mọ́ àtìmọ́lé inú ẹ̀rọ. Ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé tí wọ́n gbé wá láti Èkó, wá ń bi ọ́ pé àbí ìwọ gan-an lo fẹ́ máa jí òǹkà epo gbé. Nínú ayé owó epo tí a wà yìí, kò sí ẹni tó ń gbọ́kàn lé ẹnìkejì mọ́. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ bá fi parí tí o kò fi hàn pé iṣẹ́ rẹ mọ́, kí o kó ẹrù rẹ. O wá ní, Màámi, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ tí mo bí, tí kì í bu ẹran nínú ìkòkò, ni wọ́n ń pè lólè ní ìlú onílùú.

Mo bi ọ́ nígbà náà pé báwo ni iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe yóò ṣe ní ìrísí olè. O ní ohun tí o kọ, ènìyàn lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan ló ń sọ ọ́ di èyí tí ẹ̀rọ mìíràn lè jẹ, bó bá sì ti di bẹ́ẹ̀ tán, ojú lásán kò lè dá a mọ̀ mọ́. Èyí yé mi ju bí o ṣe rò lọ. O gbin gbágùúdá, o bó o, o rin ín, o fún un, o yan án, ó di gàrí. Ẹni tó bá rí gàrí nínú igbá kò lè mọ oko ẹni tó ti wá. Mo sì bi ọ́ bóyá o fún un gbẹ dáadáa kí o tó yan án, torí gbágùúdá tí oje rẹ̀ kò tán, kò yẹ kí wọ́n bínú sí ẹni tó bá sá fún un. Bàbá rẹ ní ọlọ́dẹ tó mú aláìṣẹ̀ ṣì sàn ju ọlọ́dẹ tó sùn lọ. Mo ní kí wọ́n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìṣẹ̀.

Oorun kò kùn mí mọ́. Mo ro ó títí, ó wá hàn sí mi pé ẹ̀bi rẹ náà wà níbẹ̀. Ṣé ìwọ náà mọ̀ pé kò sí àlejò tó lè wá máa gbé abà wa bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan mú un lọ fojú hàn Baálẹ̀. Ẹni tó gbà á sílé ni yóò gbé obì dání, yóò ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n, bó bá ṣe ibi, èmi ni kí ẹ mú. Àlejò tí kò ní onídùúró, bí ọlọ́dẹ bá mú un, ọlọ́dẹ kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ wá dé ilé onílé, ta ló mú un lọ fojú hàn? Ta ló gbé obì? Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ kàn ń ti àlejò gba ojú fèrèsé wọlé.

Mo wá rántí bàbá kan tí o máa ń sọ̀rọ̀ wọn, Bàbá Obadiah, ọmọ Ìsókó tó ń ṣọ́ géètì yín, tí o ní wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó ní òrùlé. Mo ní ó parí. Ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ni yóò jẹ́ olórí gbogbo ọlọ́dẹ ibẹ̀, ti ìta géètì àti ti inú ẹ̀rọ, bí Bàbá Ọmọ́táyọ̀ ṣe jẹ́ olórí fún ilẹ̀kùn bánkì. N kò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé wàá ní kí n má ṣe é.

Ràhímù awakọ̀, tó máa ń kó ata gbígbẹ lọ fún àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà ní ọjà ńlá Warri, ni mo kó ẹrù Bàbá Obadiah fún. Mo di iṣu, mo di gàrí tó kúnná, mo fi obì àbàtà sí i, mo sì so àkùkọ ńlá kan lẹ́sẹ̀. Kí Bàbá Obadiah má bàa ní àwọn kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, mo fi fọ́tò rẹ sí i. Kì í ṣe fọ́tò oníkóòtù tí o fi ránṣẹ́ sí wa o, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn, olè náà lè wọ kóòtù. Èyí tí o wà nínú báàfù ni, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó, tí o ń rẹ́rìn-ín, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ àfi ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: ẹni tó kọ́ ètò kọ̀ǹpútà náà nìyí, èmi ni mo bí i, mo mọ gbogbo ara rẹ̀, kò sí ibi tó lè fi olè pamọ́ sí.

Nígbà tí Ràhímù dé Warri, ó pè mí, ó sì gbé fóònù fún Bàbá Obadiah. Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní pijin. Wọ́n ní Mama, I don see the fowl, God go bless you, but I no hold anything wey be your pikin own. Ràhímù túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé wọ́n ti rí adìyẹ, wọ́n ń dúpẹ́, àti pé àwọn kò di ohunkóhun ọmọ mi mú. Mo jó lórí àpáta. Kí adìyẹ tó dé, wọ́n dì í mú. Adìyẹ dé, wọn kò dì í mú mọ́. Ta ni yóò tún sọ fún mi pé n kò mọ nǹkan nípa kọ̀ǹpútà?

Àṣé ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Ràhímù tún kọjá lọ́dọ̀ wọn kó tó máa bọ̀, wọ́n sì rò ó fún un. Wọ́n ní eyín àwọn kò gba obì mọ́, torí náà àwọn gbé e lọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú fọ́tò náà, nítorí pé Yorùbá ni, yóò mọ iyì rẹ̀. Ọ̀gá bi wọ́n pé ta ló gbé obì wá. Wọ́n ní na Akin im mama, she say make guard sabi her pikin, pé ìyá rẹ ni, pé mo ní kí ọlọ́dẹ mọ ọmọ mi. Ó wo fọ́tò náà, ó yí i padà, ó ka ohun tí mo kọ. Bàbá Obadiah ní ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ìyá tòun náà ni ì bá ṣe irú èyí. Ó bu obì, ó jẹ ẹ́, ó sì ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti dúró fún, òun kò ní lé e láìtíì wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin. Mo gbàdúrà fún un. Ẹni tó bá ti jẹ obì ẹni, ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹni.

Nígbà tí o wá pè lọ́jọ́ Ẹtì, o ní ọ̀gá kàn ṣàdédé pè ọ́, ó ní kí o fi ètò náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ẹ̀ṣọ́ yẹn lókè òkun kí wọ́n tú u wò. O ní wọ́n ti tú u wò, wọ́n sì ti fèsì pé aláìṣẹ̀ ni, pé ẹ̀ṣọ́ àwọn ló ṣì í mú, àti pé àwọn ti fi í kún àwọn tí ẹ̀ṣọ́ mọ̀. O ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yí ọ̀gá lọ́kàn padà, pé àánú Ọlọ́run ni. Àánú Ọlọ́run ni lóòótọ́, àkùkọ ló gùn dé ọ̀dọ̀ yín. O tún ní kò yé ọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rẹ́rìn-ín bí o bá ń gba géètì wọlé, tí àwọn ọmọbìnrin ibi iṣẹ́ yín sì ń bi ọ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ dà. Ó ti wá yé ọ báyìí. Bàbá Obadiah ti lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri ilé ọlọ́dẹ. Mo bẹ̀ ọ́, má yọ ọ́ kúrò o. Bí o bá yọ ọ́ tí ẹ̀ṣọ́ tún gbàgbé ojú rẹ ńkọ́? Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn bá sì jẹ́ ọmọlúwàbí, mú un wá sílé, kò sí ohun tí a ó tún máa fi pamọ́ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dùn mí. Àwọn tó ni ẹ̀ṣọ́ yẹn, ṣé ẹnu lásán ni wọ́n fi bẹ̀ ọ́? Níbí, bí ọlọ́dẹ bá ṣi ènìyàn mú, ọ̀sán gangan ni yóò sìn ín padà délé, kí gbogbo ẹni tó rí i nígbà tí wọ́n ń fà á lọ lè rí i nígbà tó ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó pariwo olè lójú gbogbo ilé iṣẹ́, ṣé ó ti pariwo aláìṣẹ̀ lójú wọn? Béèrè lọ́wọ́ wọn, kí o bá mi béèrè. Orúkọ tí ariwo bà jẹ́, lẹ́tà ìdákẹ́rọ́rọ́ kò lè tún un ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n lè gun orí àpáta. Àkùkọ tí mo fi ránṣẹ́, ti bàbá rẹ ni. Àkùkọ pupa tí wọ́n fẹ́ràn ju èmi lọ ni. N kò lè bi wọ́n, torí wọn kì bá gbà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti ń lọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Nígbà tí wọ́n wá a tí wọn kò rí i, mo ní àṣá ló gbé e. Àṣá tó máa gbé àkùkọ yẹn, àfi kó wá pẹ̀lú alábàárù, ṣùgbọ́n wọ́n gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà. Àṣá kan sì wà tó máa ń fò kọjá níbí nírọ̀lẹ́, kò gbé òròmọdìyẹ wa kan rí, ó kàn ń lọ sílé tirẹ̀ ni. Bí mo bá ti rí i tó ń bọ̀, n ó máa lu abọ́ kí ó lè sá lọ. Bàbá rẹ ní mo ń dí àwọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, tètè fi owó ránṣẹ́, kí n lè ra àkùkọ mìíràn tó pupa dáadáa, n ó ní ó já mọ́ àṣá lọ́wọ́ ni, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Bí ó bá ṣẹ́ kù, n ó fi ra agbada tí n ó fi máa yan gàrí, èyí tí mo ní ti lu. Má fi í gba bánkì o, n kò tún wọ inú àpótí yẹn mọ́, Ràhímù ni kí o kó o fún. Má sì dáhùn ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Ṣe kíá, kí a má pa aláìṣẹ̀ nílé wa, èmi tí mo ń bá àwọn ará òkè òkun jà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ, ẹni tó mọ tìrẹ kí o tó la ẹnu. Ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, kí wọ́n má ṣì ọ́ pè. Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ ọ, kí ẹni tó mọ bàbá rẹ wà nítòsí rẹ̀. Wàá ṣiṣẹ́, wàá jẹ èrè rẹ̀, epo kò ní gbẹ níbi tí o ti ń jẹun. Nígbà tí o bá tún kọ́ òmíràn, kí o tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kankan, gbé e wá fojú hàn mí nílé. N kò ní mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n n ó gbé e lé ẹsẹ̀, n ó wò ó dáadáa, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí, n ó ní mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abísọ́lá.